Àgbéyẹ̀wò pọ́ǹpù wáṣà: mo ti bú u tán kí n tó wo ẹ́ẹ̀tì

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ fún pọ́ǹpù yìí, èyí tó ń ta omi sí gíláàsì iwájú ọkọ̀. Mo tú bọ́ńpà, mo sọ ike omi wáṣà kalẹ̀, mo fa ti àtijọ́ yọ, mo ti tuntun bọ ihò rẹ̀, mo rọ omi kún un. Mo fa ọwọ́ wápà: ó ń kùn bí ẹ̀fọn, omi ò jáde. Ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe gan-an nìyẹn. Fúúsì ò jó. Mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yọ, mo ki ẹnu mítà tí a fi ń wọn iná bọ̀ ọ́: fóòtì 12.4, bíi ti bátìrì gẹ́lẹ́. Kí ló tún kù? Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí àwọn tó tà á ò ṣeé tún sọ. Ọmọ tó dá mi lóhùn ò tilẹ̀ bínú. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára pọ́ǹpù àbí ẹ ti fà á yọ?" Mo ní mo ti fà á yọ. "Ẹ dá a padà, kí ẹnìkan máa tẹ wáṣà, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì." Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni.

Fóòtì 4.9 péré ló ń dé ara pọ́ǹpù! Mo fi ẹnu mítà kan sí ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù (wáyà tó ń gba ara irin ọkọ̀ dá iná padà sí bátìrì), èkejì sí orí négétíìfù bátìrì: 7.1, níbi tí kò yẹ kó ju 0.2 lọ. Mítà kì í fa iná tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí wáyà tó ti jẹ fi ń jọ ẹni rere lójú rẹ̀. Pọ́ǹpù ní tirẹ̀ ń fa áńpù bíi mélòó kan, ìpẹtà ò sì jẹ́ kó rí i gbà. Gílóòbù bíréèkì oníwáàtì 21 ì bá ti tú àṣírí náà lójú ẹsẹ̀: pípọ́n ni ì bá máa pọ́n bí ẹyín iná, kò ní tàn.

Ẹ̀yìn iná iwájú ni bóòtù ẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà. Mo tú u, mo fi sáńpépà ha irin àti ẹsẹ̀ wáyà títí wọ́n fi dán, mo dè é le, mo wá fi gírísì bò ó lórí. Mo tún wọ̀n ọ́n: 0.1. Omi ta gba orí ọkọ̀ kọjá. Mo dá pọ́ǹpù àtijọ́ padà wò: òun náà ń ta. Èmi tí mo ti dá a lẹ́bi.

Síbẹ̀, tuntun yìí lágbára jù ú lọ, kò pariwo, sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sì wọ̀ ọ́ láìgé wáyà kankan. Rọ́bà tí wọ́n fi tì í, èyí tó ń dí ihò ike kí omi má jò, ló bà á jẹ́. Ó le bí ike; omi tó kún lálẹ́ ti ku ìdajì láàárọ̀. Rọ́bà àtijọ́ ni mo fọ̀ tí mo dá padà, kò sì jò mọ́. Mo ní kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ ránṣẹ́. Ọmọ ọjọ́sí kọ́ ló dáhùn. Onítọ̀hún ní "A kì í ta rọ́bà lọ́tọ̀," ó parí síbẹ̀. Ta ló ní kó tà á?

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó fọ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ike náà kúrò kó tó dè é, kó má sì dán an wò ní gbígbẹ ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ. Omi tó ń gba inú rẹ̀ ló ń tù ú.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, nítorí rọ́bà.