Ìbọn afẹ́fẹ́ ọ̀pá méjì: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí síró bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀pá

Ìbọn náà dára, awò, ìyẹn gíláàsì orí ìbọn tí a fi ń wo ibi tí a fẹ́ yìn sí, tó ń bá a wá nínú páálí ni kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣáájú, torí pé ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ìbọn ọ̀hún ni kò yìn tààrà, tí wọ́n á sì tà á ní ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Irú ìbọn tí à ń sọ ni èyí tí a ń ṣẹ́ ní ọrùn kí a tó ki ọta sí i, tó ní sípíríǹgì nínú, tó sì ń wá pẹ̀lú ọ̀pá méjì: ọ̀kan 4.5 mm, tí wọ́n ń kọ .177 sí lára, èkejì 5.5 mm, tí wọ́n ń kọ .22 sí. Beeman wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Ara ìbọn kan ṣoṣo, awò kékeré kan, kọ́kọ́rọ́ Allen kan tí a fi ń tú ọ̀pá.

Fún àgbẹ̀ Ekiti, ìwúlò ọ̀pá méjì kò fara sin. Lábẹ́ kòkó ní Ìsẹ̀ tàbí Ẹmùrẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń dá èso kòkó lu kì í sábà jìnnà ju mítà 10 sí 20 lọ, ọta 5.5 tó wúwo ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Ní oko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀, ẹ̀gà lè bà sórí eèsún ní mítà 30, níbi tí ọta 4.5 tó yára, tí kì í tètè wálẹ̀, ti wúlò jù. Ìbọn ẹran ńlá kọ́ o. Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà kankan sọ fún yín pé ohun ìṣeré ọmọdé ni: òfin Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Síró ni pé kí àgbélébùú inú awò àti ihò tí ọta dá sí páálí tí a ń yìn sí wà lójú kan náà ní ìwọ̀n jíjìn tí a yàn. Nínú ìbọn tí a ń ṣẹ́ ní ọrùn, awò kò jókòó lórí ọ̀pá, ara ìbọn ló jókòó lé. Ọ̀pá wà níwájú, ó ní ìjókòó tirẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀pá kan tí a fi òmíràn sí i, ibi tí awò ń wò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń wò, ọ̀pá tuntun sì ń wo ibi tirẹ̀. Bí ẹnu ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 bá fi mílímítà kan péré yà, ọta á fi ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ yà ní mítà 25. Kò sí ojú tó lè rí mílímítà kan yẹn lára ìbọn, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ á rí i, á sì sá lọ.

Ìyàtọ̀ kejì ni ti eré. Ká ní ọta 5.5 tó wúwo tó gíréènì 14.3 ń jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta 4.5 tó jẹ́ gíréènì 8.4 sì ń jáde ní 800. Kí ọta àkọ́kọ́ tó dé mítà 25, á ti wálẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ààbọ̀. Èkejì á wálẹ̀ ní bíi 6. Nítorí náà, bí ọ̀pá méjèèjì bá tiẹ̀ wo ibì kan náà gẹ́lẹ́, ẹni tó fi 5.5 ṣe síró tó wá pààrọ̀ sí 4.5 á máa yìn ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Ìyẹn ti kọjá orí ẹ̀gà pátápátá.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nínú méjèèjì ni èyí: ìyàtọ̀ eré, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ọta lọ. Bí ọta bá ṣí sí ọ̀tún tàbí òsì lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọta. Ọ̀pá ni, tàbí bí ó ṣe jókòó.

Ibi ìjókòó yẹn ló sì ń fa wàhálà jù. Kí ẹ tó tú síkúrù tó di ọ̀pá mú, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, pé sípíríǹgì kò sì ní agbára lára. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìdí ọ̀pá tó ń wọlé àti ihò tó ń gbà á. Ẹrẹ̀ oko tàbí gíríìsì tó dì mọ́ ibẹ̀ tó láti gbé ọ̀pá wọ́. Ẹ tì í wọlé títí á fi kanlẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ títí àmì rẹ̀ á fi bá ara wọn mu, kí ẹ tó dì í. Bí agbára tí ẹ fi dì í lónìí bá yàtọ̀ sí ti àná, síró á yàtọ̀. Ohun tó rọrùn ni kí ẹ fi báírò fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí síkúrù bọ́ sára ìbọn, kí ìlà náà máa pàdé ní gbogbo ìgbà. Ẹ tún wo síìlì róbà tó wà ní ìdí ọ̀pá: bó bá ti pẹlẹbẹ tàbí tó ti ya, afẹ́fẹ́ á máa jò, eré ọta á máa ga á máa rọ̀, ihò orí páálí á sì máa tò sókè-sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ yin ọta bíi 10 dànù kí ẹ tó fi ọwọ́ kan bọ́tìnì awò, kí ọ̀pá lè jókòó, kí inú rẹ̀ náà sì padà sí bó ṣe máa ń rí.

Bí a ṣe ń kọ síró méjì sílẹ̀ rèé. Ẹ gbé páálí sí mítà 25, pẹ̀lú òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣe síró 5.5 tán, kí ihò márùn-ún wà nínú ohun tí owó kọ́bọ̀ lè bò. Ẹ pààrọ̀ sí 4.5, ẹ yin márùn-ún láìfọwọ́ kan awò, ẹ wọn ibi tí àárín ihò wọn wà sí ojú àgbélébùú. Ọ̀pọ̀ awò ń rìn ní ìdá mẹ́rin ínṣì ní yáàdì 100 fún kílíìkì kan, ìyẹn ìró kékeré kan tí bọ́tìnì awò ń dún bí a bá yí i. Ní mítà 25, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 1.8. Bí ihò wọn bá fi sẹ̀ǹtímítà 4.5 ga, á gba bíi kílíìkì 25 sísàlẹ̀. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń yí i, ẹ kọ iye rẹ̀ sórí téèpù funfun, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn: «4.5: ìsàlẹ̀ 25, òsì 6». Bí ẹ bá padà sí 5.5, ẹ yí i padà ní iye kan náà.

Iye yẹn á mú yín dé tòsí, kò ní mú yín dé ojú ẹ̀ gan-an. Ẹ gbọ́dọ̀ yin mẹ́ta sí páálí kí ẹ tó wọ oko.

Ibí ni awò tó ń bá ìbọn wá ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yin ọta kan, ẹ yí awò sókè ní kílíìkì 20, ẹ yìn, sọ́tùn-ún 20, ẹ yìn, sísàlẹ̀ 20, ẹ yìn, sósì 20, ẹ yìn. Ojú kan náà ni kí ẹ máa nà sí. Ó yẹ kí ihò mẹ́rin ya igun mẹ́rin tó dọ́gba ní sẹ̀ǹtímítà 3.6, kí ọta karùn-ún sì padà sórí ihò àkọ́kọ́. Awò tí kò bá lè ṣe èyí, ẹ má fi ka kílíìkì, ẹ ń tan ara yín ni. Bó bá sì jẹ́ pé ó kàn ń lọ́ra díẹ̀ ni, ẹ yí i kọjá iye tí ẹ fẹ́ ní mẹ́rin, kí ẹ wá padà, kó lè jẹ́ pé apá kan náà lẹ máa ń parí sí nígbà gbogbo.

Sípíríǹgì ìbọn afẹ́fẹ́ ń ta sẹ́yìn, ó tún ń ta síwájú kí ọta tó jáde tán. Ìta síwájú yìí ló ń ba awò tí wọn kò ṣe fún un jẹ́, kódà awò olówó ńlá tó wà fún ìbọn gidi. Òun náà ló ń mú kí gbogbo ìdè awò, ìyẹn irin tó di awò mọ́ ìbọn, máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí ojú irin 11 mm tó wà lórí ìbọn, tí síró á sì máa lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ ra ìdè tó ní èékánná ìdádúró, tí síkúrù mẹ́rin wà lókè rẹ̀, ẹ fi báírò sàmì sẹ́yìn rẹ̀ lórí irin. Bí àmì bá ti jìnnà sí ìdè, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá irú ìbọn yìí sì sábà máa ń tẹrí ba díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkè ni ẹ ń yí bọ́tìnì sí ṣáá títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ dúró: ẹ gé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ike ìgò omi, ẹ fi sábẹ́ awò nínú ìdè ẹ̀yìn, kí ẹ tún síró ṣe. Awò tí bọ́tìnì rẹ̀ ti dé òpin kì í di ojú kan mú.

Awò ìbọn ńlá tí wọ́n ti tò fún yáàdì 100 kò bá ọ̀kẹ́rẹ́ mítà 12 mu; bí ẹ bá gbé ojú kúrò láàárín díẹ̀, ibi tí ẹ ń nà sí á ṣí. Èyí tí ẹ lè yí iwájú rẹ̀ kó bá jíjìn mu títí dé yáàdì 10 ni kí ẹ rà.

Ọta náà ń dá kún un. JSB Exact gíréènì 15.89 àti ọta gíréènì 14.3 kì í bà síbì kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ 5.5 méjèèjì. Ẹ má gbé ìbọn lé orí òkúta tàbí igi líle, ẹ jẹ́ kó sinmi lórí àtẹ́lẹwọ́ yín tó ṣí sílẹ̀. Ìbọn tuntun tó ń rú èéfín, tó sì ń dún jù, epo inú rẹ̀ ló ń jó. Ẹ má ṣe síró kankan títí á fi dákẹ́. Bí ẹ bá ń ki ọta, ẹ má fi ọ̀pá sílẹ̀ lọ́wọ́, ó lè padà gbá ìka. Ẹ má sì yìn ín láìsí ọta nínú rẹ̀, písítìn lè fọ́.

Pẹ̀lú síró mítà 25, ọta 5.5 á ga ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4 ní mítà 17, á wálẹ̀ ní 2 ní mítà 30, á sì ti wálẹ̀ ju 5 lọ ní mítà 35. Ti 4.5 á wálẹ̀ ní nǹkan bíi 2 ní mítà 35 yẹn. Lórí òkè bíi ti Èfọ̀n Alààyè, ẹni tó ń yìn sókè gan-an tàbí sísàlẹ̀ gan-an á yìn ga ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kó nà án sísàlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kadà ojú ọ̀nà oko ń gbo ìbọn, ẹ fi fóòmù wé e.

Ẹni tó ní ìrẹsì àti kòkó, kó ra ìbọn ọ̀pá méjì yìí láìṣiyèméjì, àmọ́ kó má máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kó lo ọ̀pá kan títí iṣẹ́ rẹ̀ á fi tán. Ẹni tó ní kòkó nìkan, kó ra èyí tó ní ọ̀pá 5.5 kan ṣoṣo, kó fi owó tó kù ra awò gidi, ìdè rẹ̀, àti agolo ọta mẹ́ta irú kan náà.