Ògiri Ọlọ́nà kan ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sí ilé ìtajà alájà méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Owódé kí n tó kọ èyí, kì í sì í ṣe ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ló ń mú mi padà bí kò ṣe ògiri tó kọjú sí títì. Àwọn afíngbá ìlú wa ni onílé gbé iṣẹ́ náà fún, wọ́n sì fín ọnà ara igbá sórí ògiri nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ, tí sìmẹ́ǹtì kò tíì gbẹ: alángbá, ìjàpá, àti ìlà wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ẹni tó bá mọ igbá fínfín Ọ̀yọ́ yóò rí i pé ọwọ́ tó ṣe é ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, nítorí ìlà náà kò gbọ̀n rárá.

Mo bi alábòójútó ilé náà léèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ó ní kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni ọ̀gá òun ti ya owó ọnà sọ́tọ̀, tí wọ́n kà á mọ́ owó irin àti búlọ́ọ̀kù. Ìyẹn ló jẹ́ kí ayàwòrán ilé fi odindi ògiri sílẹ̀ láìsí fèrèsé. Ká ní ìgbà tí ilé parí ni wọ́n rántí ni, ọ̀dà lásán ni wọn ì bá kùn ún. Ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1959 ni àjọ tó ń tún ìlú ṣe ti ń béèrè pé kí ẹni tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun láti kọ́lé fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìkọ́lé, ó kéré tán, ṣe iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí wọ́n bá ń tún ọjà kọ́ nílùú wa, bí wọ́n ti tún Akẹ̀sán kọ́ lẹ́yìn iná ọdún 2020, mo fẹ́ kí owó àwọn afíngbá àti agbẹ́gilére máa wà nínú ìṣirò láti ọjọ́ kìíní.

Ṣùgbọ́n ohun méjì dùn mí. Orúkọ àwọn tó kọ́lé wà lára òkúta dídán lẹ́nu ọ̀nà, gàdàgbà gadagba, àmọ́ kò sí orúkọ afíngbá kankan níbikíbi. Bákan náà, omi òrùlé ń dà sí apá òsì ògiri náà, ẹ̀yìn ìjàpá kan sì ti ń bó. Alábòójútó sọ pé owó àtúnṣe kò sí nínú àdéhùn. Páìpù kan péré ni yóò gba omi yẹn kúrò níbẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ lọ wò ó kí òjò tó dé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá dà sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji sì kún inú àwọn ìlà náà.