Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n de rọ́bà ìdí ìbọn mi, ẹ̀ẹ̀kan ló wọ̀

Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe gbé ìbọn mi sórí káńtà, rọ́bà ìdí rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ìbọn gbá èjìká jù, tó yọ síta bí ètè ẹni tó ń bínú, ni mo kọ́kọ́ rí. Mo fi àtàǹpàkò yí i ká. Lókè, rọ́bà yọ ju igi lọ. Nísàlẹ̀, igi ló yọ ju rọ́bà lọ, ẹ̀rọ sáńpépà sì ti ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára igi náà, ó fi ojú funfun kan síbẹ̀ tó tó èékánná ọwọ́ mi. Mo ní, "Kí lèyí?" Ó wo ibẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Sà, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sí èjìká, ta ló máa rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di oǹkọ̀wé lálẹ́ òní.

Winchester Model 70 ni ìbọn náà, ìbọn ọdẹ tí ilé iṣẹ́ Winchester ṣe, ọlọ́ta .30-06 (irú ọta tó ń yìn nìyẹn), ti ọdún 1953. Ẹni tó bá mọ nǹkan mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964 ni àwọn èèyàn ń du, torí ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ náà yí ọwọ́ iṣẹ́ padà kí owó tí wọ́n ń ná lé e lè dín kù. Ẹni tó ni tèmi tẹ́lẹ̀ ti gé ìdí igi rẹ̀, ó yọ irin ìdí tó bá a wá, ó fi rọ́bà pupa sí i. Bí wọ́n bá ti gé e báyẹn, iye rẹ̀ já lulẹ̀ lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ. Òun náà ló jẹ́ kí apá mi ká a. Ṣùgbọ́n rọ́bà pupa yẹn ti gbó, ó le bíi pátákó, ó ti sán, ó sì ń fi àwọ̀ rẹ̀ kun gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún péré ní ìta Houston níbí, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè fi apá ọ̀tún ya irun.

(Ọdẹ ni bàbá mi ní Ṣakí. Ṣakabùlà ni wọ́n ń yìn, kò sì sí rọ́bà kankan nídìí rẹ̀. Èjìká wọn ni rọ́bà. Èmi iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́.)

Mo wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rọ́bà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi. Ó di márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo pe ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn ní gbogbo ìgbà, ohùn obìnrin kan tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ní sùúrù. Sùúrù wo? Ọjọ́ tí mo gbé ìbọn lọ, ọmọkùnrin náà kò wọn apá mi, kò ní kí n gbé e sí èjìká kí òun wò ó. Ó gba owó, ó já rìsíìtì, ó tán.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á yìí, mo ní kí ó pe ọ̀gá rẹ̀ fún mi. Bàbá arúgbó kan ló jáde láti ẹ̀yìn, okùn ni wọ́n fi so awò ojú mọ́ ọrùn. Wọn ò bẹ̀ mí. Wọn ò tiẹ̀ kí mi. Wọ́n fa rúlà irin yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ ikùn igi ìbọn títí dé abẹ́ rọ́bà, wọ́n wá ní, "Wo ìmọ́lẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó: àlàfo wà láàárín rúlà àti rọ́bà, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá bíi ti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ikùn igi ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, ó yẹ kí rọ́bà tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn bí ẹni pé igi ló ṣì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn gbé e dúró ṣánṣán síwájú ẹ̀rọ, ó rẹ́ ẹ wálẹ̀. Bàbá yíjú sí i, wọ́n ní, "Lọ mú tuntun wá." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tèmi náà tì mí díẹ̀.

Rọ́bà dúdú kan tó ń jẹ́ Pachmayr Decelerator ni ọmọ náà mú wá. Bàbá dá a padà, wọ́n ní kí ó mú èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Wọ́n ní kí n dijú, kí n gbé ìbọn sí èjìká lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ibi tí ìka ti ń fa ìbọn dé ẹ̀yìn rọ́bà, wọ́n wọ̀n ọ́n, íńṣì 13 àtààbọ̀, wọ́n mirí pé ó dára. Àwọn síkúrù ńkọ́? Ti àkọ́kọ́, ọ̀bẹ lọmọ yẹn fi la ojú rọ́bà, ihò méjì yanu sílẹ̀. Bàbá kàn fi abẹ bẹ́ ẹ fín-ín-fín, wọ́n fi fasilín pa síkúrù àti irin tí wọ́n fi ń yí i, wọ́n tì í wọlé, rọ́bà sì pa ẹnu rẹ̀ dé bí ẹni tí kò jẹun rí. Wọ́n wé téèpù mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ìlà yí ẹ̀yìn rọ́bà ká, wọ́n tún tú u, wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan ìlà, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ọwọ́ yùn ún dé ibi tó yẹ. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi dúró nínú òórùn rọ́bà jíjó, mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, mo dijú, mo fi àtàǹpàkò wọ́ ọ lọ. Mi ò mọ ìgbà tí igi tán.

Wọ́n fi ọ̀dà àti epo pa ojú funfun yẹn. Nínú ilé, kò hàn. Nínú oòrùn, mò ń rí i, ó sì ń dùn mí, torí ọ̀dà tó ti wà níbẹ̀ láti 1953 kò ní padà mọ́. Wọn ò gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà nínú 140 dọ́là tí mo san.

Ogún ọta ni mo yìn ní Sátidé tó kọjá. Ó ń tì mí sẹ́yìn ni, kò gbá mi mọ́. Mo ya irun mi láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tìtorí tẹlifóònù ni mo ṣe yọ ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ọjọ́ yẹn ni bàbá máa ń wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn, mi ò lè gbé ìgbálẹ̀ fún un tún ṣe.