Àpérò Ìmọ̀ Òye ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́: Ohun Tí Mo Bá Níbẹ̀

Yàrá ìkàwé kan wà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń péjọ ní ọ̀sán Sátidé kejì oṣù kọ̀ọ̀kan láti jíròrò lórí ìmọ̀ òye, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní filọ́sọ́fì. Náírà 1,000 ni owó ìwọlé, omi tútù àti ẹ̀pà yíyan sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ, mo sì ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà lọ.

Òfin kan ṣoṣo ni ó mú kí ibẹ̀ yàtọ̀ sí ibi gbogbo tí mo ti gbọ́ àríyànjiyàn rí. Ẹni tó bá fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀, títí ẹni tó ni ín yóò fi sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí." Ìgbà náà ni ó tó lè fèsì. Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti dábàá irú òfin yìí ní àwọn ọdún 1950, ṣùgbọ́n láàárín wa níhìn-ín, iṣẹ́ tí ó ń ṣe tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣòro kí ọmọdé tó sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà kí wọ́n má kà á sí àfojúdi, bẹ́ẹ̀ ni àgbà kì í sábà ní sùúrù gbọ́ ti ọmọdé dópin. Òfin yìí mú àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ní ìpàdé kejì, ìbéèrè ọjọ́ náà ni pé, ìgbà wo ni a lè sọ pé a mọ nǹkan? Atọ́kùn àpérò mú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ òye méjì, Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, wá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Àwọn méjèèjì jókòó ti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, wọ́n bi wọ́n léèrè bí Yorùbá ṣe ń lo "mọ̀" àti "gbàgbọ́", wọ́n sì rí i pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni a ń sọ pé a mọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, títí kan ohun tí a kà nínú ìwé, a gbà á gbọ́ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì LAUTECH ní òun mọ̀ pé ayé ń yí oòrùn po. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́, tí ó jókòó níwájú rẹ̀, bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé o fojú rí i ni?" Ó fẹ́ fèsì kíá, ni atọ́kùn bá na ọwọ́ sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ ní, "Màmá ń sọ pé irọ́ ni sáyẹ́ǹsì." Màmá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún ní, "Ẹ ní ohun tí mi ò bá rí, kò sí." Màmá ní rárá o. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀: "Ẹ̀ ń sọ pé ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́wọ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ." Màmá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí." Ọmọ náà wá tẹrí ba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín, ẹ gbà á gbọ́ ni." Ó di dandan kí màmá náà tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ. Ó tún un sọ láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Òdodo ni. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ." Owó mi ti pé mi lójú ẹsẹ̀.

Ìpàdé kẹta dá lórí Socrates, onímọ̀ òye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Áténì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, àti bí olóògbé Sophie Olúwọlé, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òye ní Nàìjíríà, ṣe fi í wé Ọ̀rúnmìlà. Ó dùn, àmọ́ ó jọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ju àpérò lọ.

Ìpàdé kẹrin ni ó bà mí lọ́kàn jẹ́. Orí àti àyànmọ́ ni a fẹ́ sọ, kókó tí ó yẹ kí ó ládùn ju gbogbo wọn lọ ní ìlú tí onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ti jọ ń gbé. Atọ́kùn kò wá, ẹni tó dípò rẹ̀ kò sì mẹ́nu kan òfin náà rárá. Bàbá kan sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ Bíbélì àti ti Kùránì sọ̀kò lu ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò lanu sọ̀rọ̀ títí a fi túká. Mo bá ẹni tó ni yàrá náà sọ ọ́, mo ní kí wọ́n kọ òfin náà gàdàgbà sára ògiri, kí ó má baà jẹ́ pé orí ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbé. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó sì ní àwọn yóò ṣe é.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì pọ̀, kì í jẹ́ kí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa gbádùn, wọn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá atọ́kùn yóò wá lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tètè dé kí ẹ lè rí àga lápá fèrèsé tó kọjú sí títì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù.