Bí mo ṣe fi FreeREG àti FamilySearch wá àwọn ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Norfolk

Alágbẹ̀dẹ ni bàbáńlá ọkọ mi, abúlé kan ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé. Ọmọ mẹ́ta péré ni ẹbí mọ̀ mọ́ ọn. Oṣù méjì ni mo fi wá àwọn yòókù lórí FreeREG àti FamilySearch. Ìkànnì tí èèyàn ti lè wá àkọsílẹ̀ àwọn ará àtijọ́ ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n.

FreeREG ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń da ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá fi àmì ìràwọ̀ sí ìdí orúkọ, bíi Clark*, Clark àti Clarke á jọ jáde. Ẹ má fojú di èyí, torí bí orúkọ bá ṣe dún létí àlùfáà ló ń kọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò tíì kó gbogbo páríìṣì (àgbègbè tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan) tán, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ọmọ kan ò sí.

Lórí FamilySearch, mo fi àyè orúkọ ọmọ sílẹ̀ lófìfo, mo kọ orúkọ bàbá àti ìyá nìkan. Ọmọ mọ́kànlá ló jáde! Àṣé ọkùnrin méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn ní páríìṣì kan náà, Elizabeth sì ni ìyàwó àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ tó ṣèrìbọmi láti 1813 kò nira, nítorí ọdún yẹn ni fọ́ọ̀mù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iṣẹ́ bàbá: alágbẹ̀dẹ lọ́tọ̀, lébìrà lọ́tọ̀. Àwọn tó ṣáájú ló dá mi dúró. Ìgbà tí mo ṣí àwòrán ojú ìwé náà gan-an ni mo rí i pé àlùfáà kọ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ẹni tó ṣe atọ́ka, ìyẹn àkójọ orúkọ tí a fi ń wá nǹkan, ni kò mú un. Ó dùn mí, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi méfò. Àwòrán mìíràn sì wà tí kì í ṣí nílé, àfi kí èèyàn lọ sí ibùdó FamilySearch.

Ọmọ mẹ́fà ló jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ wa. Méjì nínú wọn jẹ́ orúkọ kan náà: wọ́n sin àkọ́kọ́ lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì fún ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e lórúkọ rẹ̀. Bí mi ò bá wo ìwé ìsìnkú, ẹnì kan ṣoṣo ni ǹ bá kà wọ́n sí. Èyí kejì yìí ló bí ìlà ọkọ mi. Ọjọ́ ìrìbọmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ni wọ́n ti ń pè ní tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.