Àwọn tó gbé àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìntì lọ Badagry, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Bọ́ọ̀sì mọ́, ẹ́sì ṣiṣẹ́, wọ́n sì tètè dé, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé etí ọ̀sà tá a ti fẹ́ wọ bóòtù sọdá sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú gbà lọ sójú òkun, ọmọkùnrin tó ń ṣe gáìdì wa bá ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń kó adìẹ wọlé, ó ní, "Ẹ̀yin màmá àti bàbá tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ jókòó síbí, yanrìn yẹn jìnnà, a máa ya fọ́tò bọ̀ fún yín."

Fọ́tò kẹ̀! Ṣé torí fọ́tò la ṣe sanwó ni? Kò bi ẹnì kankan bóyá orúnkún ń dùn ún o. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè rìn?" Ó ní ọ̀gá àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pè é níṣojú mi. Ó pè é, kò gbé e. Ó tún pè é, wọ́n já a mọ́ ọn létí. Gbogbo wa bá wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, a jókòó sínú bóòtù, ẹni tó bá láyà kó wá fà wá sọ̀kalẹ̀.

Dírẹ́bà wa, ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ rárá, bá wa sọdá. Ó ń sọ pé, "Màmá, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú," ó ń dá wa dúró lábẹ́ igi àgbọn, a tún sinmi nídìí kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu omi ẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí a fi dé Point of No Return, ibi tí ẹrú bá dé tí kì í padà sílé mọ́. Gáìdì náà ló gbé báàgì wa bọ̀, ojú ti tì í.

Nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló wá sọ pé 1842 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Ọ̀gá ilé ìwé wa kan ní rárá o, ìpìlẹ̀ ni 1842, 1845 ni wọ́n parí ẹ̀. Ọmọ yẹn ò janpata, ó yọ báírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Látibẹ̀ lọ ni mo ti ń fẹ́ràn ẹ̀. Ká sọ tòótọ́, nígbà tá a dé ilé Sẹ̀ríkì Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, tí gáìdì náà ń sọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹrú 40 mọ́ yàrá kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ dáadáa, kò kánjú lé wa jáde.

Oúnjẹ ti tutù, ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá wọn tó kọ̀ tí ò gbé fóònù ló wá pè mí lọ́jọ́ kejì, kò tọrọ àforíjì, ìràwọ̀ márùn-ún ló ń bẹ̀bẹ̀ fún!

Méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. A sì ti san àsansílẹ̀ fún ti igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, dírẹ́bà yẹn náà la ní kó wà wá lọ.