Ẹ ṣọ́ra fún hub onihò méje tí wọ́n ń tà ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń ya fídíò lóde àríyá, ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó yọ owó. 14,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó yẹn gan-an kọ́ ló sì dùn mí jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra hub USB, ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Sábó. Ihò méjì péré ló wà lára laptop mi, mo sì fẹ́ máa lo hard drive méjì, máùsì àti card reader pọ̀. Mo bi í pé, "Ṣé ó ń gba iná tirẹ̀?" Ó nàka sí ihò róbótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ hub náà: "Ẹ̀gbọ́n, ojú ihò adápútà ẹ̀ nìyẹn. Adápútà ò kàn bá a wá ni, ẹ ra 5V èyíkéyìí." Mo gbà á gbọ́, mo tún ra adápútà lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo délé, máùsì ṣiṣẹ́, hard drive àkọ́kọ́ náà wọlé. Bí mo ṣe ki ìkejì bọhò báyìí, ó ń dún ta-ta-ta, ló bá pòórá lójú laptop, àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e. Fídíò ìgbéyàwó tí mo ń kọ́pì lọ́wọ́ kò ṣí mọ́ dòní. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì nu mẹ́mórì káàdì.

Inú bí mi, mo fi ọ̀bẹ ṣí ìdérí rẹ̀. Wọ́n fi léèdì jó ihò róbótó yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù lóòótọ́, àmọ́ kò sí wáyà tàbí ojú ọ̀nà kankan tó ti ara rẹ̀ lọ síbì kan. Ọ̀ṣọ́ lásán ni! Afẹ́fẹ́ ni adápútà mi ń fún níná. Búlúù tó sì wà nínú àwọn ihò yòókù, tí wọ́n fi ń sọ pé USB 3.0 ni, irú tó yára ju 2.0 lọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mẹ́rin ni mo kà nínú wọn. Ti 3.0 tòótọ́ mẹ́sàn-án ni.

Hub tí kò bá ní iná tirẹ̀, laptop ló ń bọ́ ọ, láti inú ihò kan ṣoṣo. 500mA (ìwọ̀n iná ni mA, 1,000 rẹ̀ ló ń jẹ́ 1A) ni ìlànà ihò USB 2.0, 900mA ni ti 3.0, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì so mọ́ hub ni yóò pín in. Ti máùsì ò tó nǹkan. Àmọ́ hard drive tó ń yí, òun nìkan lè fẹ́ jẹ 900mA tán nígbà tó bá ń ta gìrì dìde. Ẹni tó so méjì pọ̀, áyọ́ọ̀nù méjì ló so mọ́ jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" yẹn. Ìlànà 2.0 gan-an ò fún hub tó ń jẹun lára laptop ju ihò mẹ́rin lọ, 100mA fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méje tí mo rí yẹn, ó yẹ kó ti ta mí lólobó.

Èyí tó ní iná tirẹ̀, adápútà ló ń gbé ẹrù náà. Ihò méje, 500mA lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 3.5A. Tí wọ́n bá fún yín ní 5V 1A, ẹ dá a padà.

Ẹ gbé laptop àti hard drive yín lọ, kẹ́ ẹ dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ tún lè ki adápútà nìkan sí i, kẹ́ ẹ so fóònù mọ́ ọn: tó bá gba ṣájì, iná ń wọlé. Tí kò bá gbà, ẹ má tíì dá a lẹ́bi, àwọn ojúlówó kan máa ń dúró de laptop kí wọ́n tó pín iná.

Mo gbé e padà lọ bá a. Ó ní laptop mi ni ò dáa. Ìyá ẹlẹ́kọ tó jókòó tì í ló bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ìwọ lẹnì kẹta." Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá, hub náà ṣì wà lórí tábìlì, ihò róbótó yẹn ló kọ sójú títì.